Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí BDF àti atol

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìdọ́gba Robertson ni mò ń yanjú, ìyẹn ìdọ́gba tó ń sọ bí iye àwọn kẹ́míkà ṣe ń yí padà bí àsìkò ṣe ń lọ: kẹ́míkà mẹ́ta, iye ìyára ìṣesí wọn sì jẹ́ 0.04, 10,000 àti 30,000,000. Bí wọ́n ṣe jìnnà síra yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. solve_ivp, irinṣẹ́ tó ń yanjú irú ìdọ́gba yìí nínú SciPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python), ni mo lò, mi ò sì yí RK45, ọ̀nà ìṣirò tó bá a wá, padà. Ó ṣe dáadáa títí dé àsìkò 40. Nígbà tí mo ní kó dé 100,000, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé ilẹ̀ mọ́ kò tíì parí.

Mo wá lo BDF, ọ̀nà ìṣirò mìíràn tó wà fún irú ìdọ́gba tí ìyára inú rẹ̀ jìnnà síra báyìí, kíá ló parí. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà kejì ló ń kó ìdààmú bá mi. Iye rẹ̀ ti kéré ju 1e-6 (0.000001) lọ lápá ìparí, bẹ́ẹ̀ 1e-6 gan-an ni atol (ìwọ̀n àṣìṣe tí a gbà láàyè) tí SciPy ń lò bí èèyàn ò bá yí i. Ṣé kí n fún kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní atol tirẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń yan iye náà?

Mo tún fẹ́ fi CVODE, irinṣẹ́ mìíràn tó ń yanjú irú ìdọ́gba yìí nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní Sundials, yẹ èsì wò, àmọ́ pip (ohun tí a fi ń gbé irinṣẹ́ Python sórí ẹ̀rọ) kò rí Sundials nígbà tí mo ń fi scikits.odes, tó ń jẹ́ kí Python lè lo CVODE, sórí ẹ̀rọ. Ṣé conda, tó ń ṣe irú iṣẹ́ pip, ló dára jù ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó ràn mí lọ́wọ́.