Àgékù kọ́, àkúnya ni: lórí àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí etí rẹ̀ kò hàn

Àbá tó wà nílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ̀wé nípa tẹlifíṣọ̀n ní Yorùbá ni pé ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "àgékù", pe gbogbo ìgbà tí àwòrán tẹlifíṣọ̀n kò bá hàn tán. Àpẹẹrẹ tí ẹni tó mú àbá náà wá lò ni tẹlifíṣọ̀n kékeré inú ilé ìdáná: ìròyìn ń lọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ ti pamọ́ dé ìdajì, orí ẹni tó ń ka ìròyìn kò sì pé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé kí wọ́n tún un ṣe ni àbí kí wọ́n ra òmíràn.

Mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni "àgékù", àmọ́ "kù" ló wà ní ìparí rẹ̀, bó ṣe wà nínú àjẹkù àti àlòkù. Ohun tó ṣẹ́ kù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá tó lọ ti lọ. Ẹni tó bá gbọ́ "àwòrán àgékù" á gbà pé kò sí ohun tó lè dá apá yẹn padà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tẹlifíṣọ̀n tuntun. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, odindi àwòrán ló wọ inú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló mú un tóbi ju ojú tó fẹ́ gbé e sí lọ, etí àwòrán wá bọ́ sẹ́yìn férémù. Odò tó bo bèbè ni wọ́n ń sọ pé ó kún ya, "àkúnya" sì ni mo fọwọ́ sí fún èyí.

Ìtàn ẹ̀rọ náà gbè é. Nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn gbọọrọ, ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń ya àwòrán sójú gíláàsì láti ìlà dé ìlà. Bí agbára iná bá yí padà, tàbí bí kapasítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) inú rẹ̀ bá gbó, àwòrán á fẹ̀ tàbí kí ó sún kì. Kí ibi dúdú má bàa yọ létí, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwòrán kọjá etí gíláàsì. Àwọn tó ń gbé ètò jáde mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí ìṣe tó ṣe pàtàkì má jáde kúrò nínú ìdá 90 nínú 100 àárín àwòrán, kí ọ̀rọ̀ kíkọ má sì kọjá ìdá 80. Fún àwòrán fífẹ̀ ti 16:9 (ìbú 16 sí gíga 9; 4:3 ni ti àtijọ́), wọ́n ti sún òṣùwọ̀n yẹn sí 93 àti 90. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìròyìn fi sún mọ́ etí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ̀rọ tó bá ṣì ń ṣe àkúnya ti àtijọ́ á sì gbé e mì. Ojú pẹlẹbẹ òde òní kò nílò àkúnya rárá, torí pé pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi to àwòrán, ní àyè tirẹ̀ tí kì í yẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń pamọ́. Bí ẹ̀rọ bá fi ìdá 5 nínú 100 pamọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lára àwòrán 1920×1080, pixel 96 ló lọ lápá ọ̀tún, 96 lápá òsì, 54 lókè, 54 nísàlẹ̀. Ohun tó kù lójú ni 1728×972. Ìdá 19 nínú 100 odindi àwòrán ló ti pamọ́, kò sì sí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ.

Ẹnìkan dábàá "ìsúnmọ́" fún bọ́tìnì Zoom. Ó bá kámẹ́rà mu, torí pé ojú ẹni tó ń yà á ló ń sún mọ́ nǹkan. Lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ohun tó sún. Àwòrán ni wọ́n sọ di ńlá. "Ìsọdńlá" ni kí ó jẹ́, ní ìlànà tí a fi ní ìsọdorúkọ àti ìsọdọ̀tun. Ó yàtọ̀ sí àkúnya, torí pé èèyàn ló tẹ̀ ẹ́, nǹkan tó ń gbà lọ sì pọ̀ gan-an: bí wọ́n bá sọ àwòrán 4:3 di ńlá títí tó fi kún ojú 16:9, ìdá 25 nínú 100 gíga rẹ̀ ló bọ́ sókè àti sísàlẹ̀. Bí orí èèyàn kò bá hàn rárá, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ti fífà tí wọ́n ń fa àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní "ìnà". Ẹgba ni ọ̀rọ̀ yẹn ń mú wá sọ́kàn òǹkàwé. "Ìfàfẹ̀" mọ́ jù.

Ìdánwò kan wà tó ń ya gbogbo wọn sọ́tọ̀. Ẹ wá àwòrán 1920×1080 tó ní òbìrìkìtì láàárín, tó sì ní àmì ọfà tí ẹnu rẹ̀ kan etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gbé e wá láti inú ẹ̀rọ tó wà ní ihò HDMI (ihò okùn tó ń gbé àwòrán àti ohùn wọlé) tó ń ṣe wàhálà gan-an, ẹ má fi sórí USB tẹlifíṣọ̀n, torí pé àwọn ẹ̀rọ kan kì í ṣe àkúnya fún fọ́tò orí USB. Bí òbìrìkìtì bá róbótó tí ẹnu ọfà sì pamọ́ díẹ̀ ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkúnya ni. Bí ọfà bá pamọ́ púpọ̀, ìsọdńlá ni. Bí ọfà bá pé tí òbìrìkìtì sì rí bí ẹyin, ìfàfẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ménù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Bí ménù bá hàn tán nígbà tí ètò kò hàn tán, ojú ẹ̀rọ kò ní àrùn. Bí ibi tó dúdú tàbí ìlà òró bá gé ménù náà sí méjì, wáyà pẹlẹbẹ tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ojú, tàbí ojú fúnra rẹ̀, ló ti bàjẹ́. Ooru omi gbígbóná àti epo inú ilé ìdáná lè jẹ ẹnu irú wáyà bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe àkúnya kò gba sukúrù kankan. Nínú ménù àwòrán, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Just Scan, Screen Fit, Full Pixel, Dot by Dot tàbí 1:1 sí. Orúkọ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Níbi tí wọ́n bá kọ Overscan, ẹ pa á. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró ni pé lọ́pọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ kì í ṣí àyàfi tí àwòrán bá ń gba HDMI wọlé. Bó bá jẹ́ áńténà tàbí ihò AV ni ẹ wà, ẹ lè má rí i. Ihò kọ̀ọ̀kan ló sì sábà máa ń rántí tirẹ̀, nítorí náà ẹ tún un ṣe ní ìkọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tẹlifíṣọ̀n Samsung, bí ẹ bá yí orúkọ ihò HDMI sí PC, àkúnya á dáwọ́ dúró.

Ẹ má ṣe fi dikódà sún àwòrán kì kí ó lè wọ inú àkúnya tẹlifíṣọ̀n. Etí á hàn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yí ìwọ̀n àwòrán padà, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ á sì ṣú. Ménù àwọn atúnṣe tó fara sin ni kó gbẹ̀yìn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbọọrọ ní tirẹ̀, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí i: iná tó lé ní 10,000 fólìtì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára iná.

Ibo wá ni "àgékù" wà? Ní ilé iṣẹ́ tó ń gbé ètò jáde ni. Bí wọ́n bá ti gé orí àti ìsàlẹ̀ ètò àtijọ́ 4:3 kí ó lè bá 16:9 mu, àgékù gidi nìyẹn, kò sì sí ménù tó lè dá a padà. Tẹlifíṣọ̀n tuntun gan-an kò lè ràn án. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ti èèyàn sọ́jà ló jẹ́ orúkọ àìsàn kan ṣoṣo tí ọjà kò lè wò.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n ra òmíràn ni bí ojú bá ti bàjẹ́, tàbí bí ménù kò bá ní ibi pípa àkúnya rárá. Kí wọ́n wá ibi pípa àkúnya nínú ìwé ìlò ti tuntun náà kí wọ́n tó sanwó. Kí wọ́n sì wọn àyè: bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ojú 4:3 oníǹṣì 15, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 22.9, ìbú rẹ̀ jẹ́ 30.5. Ojú 16:9 tó máa ga tó bẹ́ẹ̀ ní láti tó íǹṣì 18.4, ti íǹṣì 19 sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42, láìka férémù mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ara ògiri ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́, kí wọ́n wọn àárín ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Mìlímítà 75 tàbí 100 ló wọ́pọ̀. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì sábà ń gbé e sí, tí wọ́n á máa wò ó láti ìsàlẹ̀, nítorí náà, nínú àwọn irú ojú pẹlẹbẹ tó wà, IPS dára ju TN lọ, torí pé ti TN á ṣókùnkùn bí èèyàn kò bá wò ó gán-an-rán.

Ó ku ibi dúdú tó ń wà lókè àti nísàlẹ̀, tàbí lápá ọ̀tún àti òsì, nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí àwòrán wà bó ṣe wà. "Ìgbátí dúdú" ni mo dábàá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá, kó sì sọ ohun tí òǹkàwé máa tẹ̀ lórí rìmóòtù nígbà tó bá gbọ́ ọ.