"Dọ́gba" Kò Bá Bẹ́árìn Mu

Ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ dá ọ̀rọ̀ "ìpínrù-dọ́gba" sílẹ̀ fún bí bẹ́árìn, ìyẹn òrùka irin méjì tí bọ́ọ̀lù irin wà láàárín wọn, ṣe ń pín ẹrù fún àwọn bọ́ọ̀lù náà, mo kí yín o, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ "dọ́gba" yẹn. Ẹ ní "àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí" ni ẹ gbé e kà. Òwe náà ní kí a fi ọwọ́ méjì gbé ẹrù, kò sọ pé ohun tí ọ̀kan gbé ni èkejì gbé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó bí Stribeck, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti ṣe é ní Jámánì ní 1901. Bẹ́árìn kan ní bọ́ọ̀lù 10, kò sí àlàfo láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka rẹ̀, ṣáàfù, ọ̀pá irin tí ó ń yí nínú rẹ̀, sì ń fi agbára newton 2,000 (newton ni a fi ń wọn agbára) tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti "dọ́gba" ni, 200 ni ìkọ̀ọ̀kan ì bá gbé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ pátápátá ń gbé bí 874, nítorí pé 4.37 ni Stribeck fi sọ ẹrù náà di púpọ̀ kí ó tó fi iye bọ́ọ̀lù pín in. Àwọn méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, ń gbé bí 636 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì tí ó tẹ̀ lé ìyẹn ń gbé bí 150, àwọn márùn-ún òkè kò sì gbé nǹkan kan. Bí àlàfo bá wà díẹ̀, bí ó ti sábà máa ń rí, 5 ni a ń lò dípò 4.37, ti ìsàlẹ̀ á sì di 1,000.

Ẹni tí kò bá gba ìṣirò gbọ́, kí ó bi mẹkáníìkì. Kí wọ́n nu gírísì kúrò lára bẹ́árìn tí ó ti jẹ, èyí tí òrùka òde rẹ̀ kì í yí: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, níbi tí ẹrù ń tẹ̀, ni irin ti máa ń ṣí bí èépá.

Èmi fara mọ́ "pípín ẹrù" fún iṣẹ́ náà, kí "ìpín" sì dúró fún ohun tí ó kan bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ "ipin" láìfi àmì sí i ní tirẹ̀, ipin ojú ni ó kọ ránṣẹ́ sí wa.

Ibì kan wà tí mo ti lè gba "dọ́gba" láyè. Bí ẹrù bá tẹ ṣáàfù tààrà ní gígùn, tí ó bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, gbogbo bọ́ọ̀lù ni yóò gbé iye kan náà. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yín sọ ìyẹn.