Kí ló dé tí "je suis allée" fi tọ́, tí "j'ai allé" kò tọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ Faransé, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń kọ́ ọ. Lánàá mo kọ àròkọ kékeré nípa ìrìn àjò kan. Mo kọ "j'ai allé", mo fẹ́ sọ pé "mo lọ", olùkọ́ mi fi bírò pupa fagi lé e, ó kọ "je suis allée" sórí rẹ̀. Nígbà tó yá mo kọ "je suis marché" (mo rìn), ó tún fagi lé e, ó ní "j'ai marché" ni. Ìwé mi sì sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá jẹ mọ́ ìrìn, être ("jẹ́", òun ló ń di "suis") ló ń gbà ṣe olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe avoir ("ní", òun ló ń di "ai")! Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni "e" tó gbẹ̀yìn "allée" yẹn. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Èsì

Ẹ kú ìgbìyànjú. Ohun tí ìwé yín sọ kò tó, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Courir (sáré), sauter (fò), nager (lúwẹ̀ẹ́), voyager (rìnrìn àjò): ìrìn ni gbogbo wọn, avoir ni wọ́n sì ń gbà. Rester (dúró síbì kan) rèé, tí kò kúrò lójú kan, être ni tirẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé marcher ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n aller (lọ), venir (wá), partir (kúrò), naître (kí a bí èèyàn), mourir (kú) ń sọ pé ẹni náà ti kúrò níbì kan tàbí ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Kò bo gbogbo rẹ̀ o. Àwọn tí wọ́n sábà ń kọ́ni kò ju bíi 17 lọ, ẹ há wọn sórí.

Ẹ má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe irú ẹ̀ rí. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kọ ọ́ pé "he is risen", níbi tí a ó ti sọ "he has risen" lónìí. Gẹ̀ẹ́sì ló pa tirẹ̀ tì, Faransé ò pa á tì, Jámánì náà ò pa á tì.

Ní ti "e" yẹn, obìnrin ló lọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Allé, allée, allés, allées, ohùn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí náà etí ò lè bá yín mú un. Ṣùgbọ́n ẹ pe "il est mort", kí ẹ wá pe "elle est morte". Ẹ fetí sí ìparí ẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó béèrè

Háà! Mo gbọ́ "t" yẹn! Ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ mo rí "elle a sorti les clés" níbì kan. Ṣé àṣìṣe ni?

Èsì mìíràn

Kì í ṣe àṣìṣe. "Elle est sortie": ó jáde. "Elle a sorti les clés": ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Yorùbá ti bá yín pín in tẹ́lẹ̀. Monter náà, ó gòkè, tàbí ó gbé nǹkan gòkè. Descendre (sọ̀kalẹ̀), rentrer (padà wọlé), retourner (padà), passer (kọjá), bákan náà ni. Èmi máa ń bi ara mi pé, "Kí ló gbé? Kí ló yọ?" Bí ìdáhùn bá wà, avoir ni.

Ẹni tó béèrè

Ẹ jẹ́ n gbìyànjú: "Je suis montée, puis j'ai monté la valise" (mo gòkè, lẹ́yìn náà mo gbé àpótí gòkè).

Èsì mìíràn

Ó pé pérépéré.