Ọwọ́ màámi ń gbọ̀n: ṣé Parkinson ni àbí tábúlẹ́ẹ̀tì òòyì tí wọ́n ń lò?

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màámi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo níbí, ẹni ọdún 67 ni wọ́n, tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń ha ìpẹ́ ẹja kó o tó ṣẹ́jú wọ́n ti ju ọ̀kan sínú abọ́. Láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ọ̀bẹ ò dúró lọ́wọ́ wọn mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbọ̀n. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn, ojú wọn wá le bí ojú ẹni tó ń bínú, wọn ò sì bínú sẹ́nikẹ́ni o, ojú yẹn ò kàn rẹ́rìn-ín mọ́ ni, kódà oníbàárà wọn kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ní ìyá ẹ ti ń gbéra ga.

Àwọn kan ní Parkinson ni, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, pé òun ló ṣe Muhammad Ali. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Àbúrò bàbá mi ní ká gbé wọn lọ sórí òkè lọ gbàdúrà, ẹ ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń nawọ́ sí. Oògùn tí wọ́n ń lò ò ju ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ àti tábúlẹ́ẹ̀tì òòyì tí kẹ́míìsì fún wọn láti bí ọdún méjì, cinnarizine ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, àárọ̀ kan alẹ́ kan. Tó bá jẹ́ Parkinson ni, ṣé ó ní ìwòsàn? Ṣé wọ́n ti rí nǹkan tuntun ṣe sí i?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àǹtí, ẹ dúró ná. Ọdún méjì kẹ̀? Tábúlẹ́ẹ̀tì òòyì yẹn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń jẹ bí ẹ̀kọ. Cinnarizine àti flunarizine, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n lè dí ọ̀nà dópámìnì nínú ọpọlọ, dópámìnì yìí sì ni ọpọlọ fi ń rán ara níṣẹ́ pé dìde, rìn, rẹ́rìn-ín. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, àgbàlagbà tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara ẹ̀ á le gbagidi, gbogbo ayé á ní Parkinson ni, oògùn sì ni. Kì í ṣe òun nìkan o, metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì lè ṣe é, haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n ń fún àwọn tórí wọn dàrú náà lè ṣe é.

Parkinson gangan, àwọn ibi tó ń ṣe dópámìnì nínú ọpọlọ ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Apá kan ara ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ti màmá yín ọwọ́ méjèèjì ni, ó jẹ́ kí n fura sí oògùn, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó dájọ́, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé Parkinson ti ń yọ́ bọ̀ lára wọn tẹ́lẹ̀, oògùn ló kàn tú u fó.

Ẹ kó gbogbo nǹkan tó wà nínú láílọ́ọ̀nù oògùn wọn, èyí tó ti tán tó ku páálí, àgbo inú ìgò, gbogbo ẹ̀, ẹ lọ dà á sórí tábìlì dókítà. Ẹ má fúnra yín dá ìkankan dúró. Tó bá jẹ́ oògùn lóòótọ́, tí dókítà bá yọ ọ́ kúrò, ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ti ẹlòmíì á tó ọdún.

Bọ̀dá Sàbó Ìkòròdú

Ti bàbá mi Parkinson gangan ni, ọdún kẹsàn-án rèé. Kò tíì ní ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó yín. Ṣùgbọ́n levodopa wà, oògùn tí ọpọlọ ń sọ di dópámìnì, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ bí idán ló rí, bàbá tí ò lè de bọ́tìnì, tí wọ́n bá ti lò ó tó bíi ogójì ìṣẹ́jú wọ́n á dá nìkan rìn dé mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tó yá ni orí àti èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra wọn. Wọ́n á jókòó, ara á máa lọ́ bí ejò lórí àga, tíì inú kọ́ọ̀pù á dà sí wọn lára. Àwa rò pé àìsàn ló ń le sí i, la bá fi kún oògùn, háà, a ò tún ní ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Dókítà ló jẹ́ ká mọ̀ pé dyskinesia ni wọ́n ń pè é, oògùn tó wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló fà á, gbígbọ̀n ti àìsàn sì yàtọ̀ sí jíjó yìí. Wọ́n pín oògùn sí kéékèèké, wọ́n fi amantadine sí i. Amantadine yẹn ní ìtàn o. Oògùn àrùn fílù ni tẹ́lẹ̀, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968 obìnrin kan tó ní Parkinson lò ó torí fílù, ló bá rí i pé ara òun ń rọ̀, ó fi sílẹ̀ ara tún le padà, ó lọ sọ fún dókítà ẹ̀ tó ń jẹ́ Schwab, ìyẹn ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ ẹ̀, lọ́dún 1969 ló gbé e jáde. Nígbà tó yá ni wọ́n wá rí i pé ó tún ń dẹwọ́ jíjó ara yìí.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Bàbá mi ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí méje láàárọ̀. Ẹ̀wà, ẹran, ẹja, ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn àti levodopa jọ ń gbà wọlé, wọ́n á ti í sẹ́yìn. Aago mẹ́fà la ń lo oògùn báyìí, ẹ̀kọ lásán láàárọ̀, mọ́ín-mọ́ín di alẹ́, wọ́n sì ṣì ń bá mi jà lé e lórí.

Àwọn kan máa ń ní ẹ má tètè bẹ̀rẹ̀ levodopa, pé òun ló ń fa jíjó. Àwọn dókítà Ítálì àti Gánà gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2014, àwọn ará Gánà pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí i lò, síbẹ̀ nígbà tí àìsàn pé iye ọdún kan náà lára wọn, jíjó yẹn dé bó ṣe dé bá àwọn ará Ítálì. Nípa nǹkan tuntun, lọ́dún 2023 Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1, ohun àjogúnbá kan nínú ara, tó ń jẹ́ kí Parkinson tètè mú èèyàn, àwa tá a ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà ló fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé a nìkan la ní i. Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ti ń yẹ̀ wò látọjọ́ yìí, báwo ni wọ́n á ṣe rí tiwa?

Ewé Ń Jẹ́

Gbogbo gírámà yìí. Wèrèpè tó ń yún yín lára lóko, levodopa ló kún inú kóró ẹ̀. Ẹ lọ lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fi mu ẹ̀kọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bọ̀dá Ewé, òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ gan-an ni ewu ẹ̀ wà. Wọ́n dán wèrèpè wò lára èèyàn 18 ní Bolivia, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2017, ó ṣiṣẹ́ bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, dókítà sì wà lórí wọn. Ẹni tó ti ń lo levodopa tó tún fi wèrèpè lé e, jíjó tí Bọ̀dá Sàbó sọ yẹn ló ń pè. Ìyá ti Ẹ̀pẹ́ yìí a ò tíì mọ ohun tó ṣe wọ́n gan-an.

Ẹ sì má gbàgbé asofẹ́yẹjẹ o, tí àwọn baba wa fi ń mú wèrè rọlẹ̀. Reserpine wà nínú ẹ̀, ó ń gbọ́n dópámìnì gbẹ nínú ọpọlọ. Lọ́dún 1957 Arvid Carlsson ní Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro ò lè mira, ó fún un ní levodopa, ehoro dìde. Ibẹ̀ ni fífi levodopa tọ́jú Parkinson ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Nobel lé e lórí lọ́dún 2000. Torí náà tí àgbo oorun bá wà níbẹ̀, Àǹtí, ẹ bèèrè ohun tó wà nínú ẹ̀.

Adé Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba abẹ́rẹ́ haloperidol fún ọdún mẹ́jọ. Ẹnu ẹ̀ ń jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n á yọ á tún wọlé, nínú dáńfó àwọn ọmọdé á máa sín in jẹ. Tardive dyskinesia ni, ìyẹn jíjó ara tí oògùn téèyàn ti ń lò pẹ́ ń fà. A fúnra wa dá abẹ́rẹ́ dúró, ẹnu burú sí i, wèrè náà padà, lóru ọjọ́ kan ìhòòhò la bá a létí òkun. Dókítà wá yí oògùn ẹ̀ padà, ó tún yọ Artane tí wọ́n ń fún un torí gbígbọ̀n, ó ní òun ló ń fẹ́ iná mọ́ ti ẹnu. Ó ti dín kù. Oògùn valbenazine àti deutetrabenazine tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2017 fún tardive dyskinesia yìí gan-an, mo ti bèèrè iye ẹ̀, mo rọra dákẹ́.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣé gan-an o, Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, Olúwa á fún yín lówó ọmọ. A lọ ní Tuesday. Nígbà tá a da láílọ́ọ̀nù yẹn sórí tábìlì, metoclopramide sáṣẹ́ẹ̀tì méjì wà ńbẹ̀ tí èmi ò mọ̀ rárá, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn lọ́jà ló fún àwọn torí inú rírún. Dókítà yọ ọ́, ó yọ ti òòyì náà, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò tíì fẹ́ dárúkọ Parkinson.

Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Láàárọ̀ yìí mo ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ fún mi kí n bá wọn ha ẹja, wọn ò gbà.