Ìyọ̀ǹda kọ́, àṣẹ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín.

Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀gá wa dábàá pé kí backup (fífi ẹ̀dà fáìlì pamọ́) máa jẹ́ "àdápamọ́", kí restore (gbígbé fáìlì padà láti inú ẹ̀dà náà) jẹ́ "ìdápadà", kí "ìyọ̀ǹda" sì dúró fún permission (ohun tí a gbà kí ẹnì kan ṣe sí fáìlì kan) àti user right (agbára tí a fún ẹnì kan lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) pọ̀ nínú Windows. Mi ò gbà, "ìyọ̀ǹda" yìí ló sì dùn mí jù.

Ta ní í yọ̀ǹda nǹkan? Ẹni tó ni ín ni. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ ka fáìlì mi, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín. Ìyẹn bá permission mu, torí ara fáìlì ló ń wà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Local Security Policy, ibi ètò ààbò Windows, ẹ wọ User Rights Assignment, ẹ wo "Back up files and directories". Orúkọ èèyàn là ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, tàbí nínú ẹgbẹ́ Backup Operators, lè fi ètò backup ṣe ẹ̀dà fáìlì tí èmi olóhun ti ní kó má kà. Kí ni mo yọ̀ǹda fún un níbẹ̀? Òkè ló ti wá, ó sì borí ìfẹ́ mi. Láti ààfin dé kóòtù, àṣẹ là ń pe irú èyí.

Ti restore tún le jù. Ẹni tó ní in lè kọ nǹkan lé fáìlì mi lórí, ó lè sọ ẹlòmíràn di olóhun rẹ̀. Ṣé ìdápadà nìyẹn? Ohun tí a bá dá padà, ọwọ́ olóhun ló ń padà sí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìmúbọ̀sípò. Ewu yìí náà ló fà á tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fi àṣẹ méjèèjì sọ́wọ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku "dá" inú "àdápamọ́". "Dá" inú àdáṣe àti àdánìkanjẹ nìyẹn. "Dà" inú ẹ̀dà àti àdàkọ là ń wá: àdàpamọ́. Ọ̀gá ní àmì ohùn kì í ṣe bàbàrà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Háà! Bàbá tó kọ́ mi níwèé kì í máàkì iṣẹ́ tí kò bá lámì, wọn a dá a padà síwájú gbogbo kíláàsì.

Ẹni tó sì ń bi mí léèrè oyè tí mo gbà nínú ẹ̀kọ́ èdè: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn èèyàn síbi tí mo wí yìí. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ wò dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Àbá tèmi ni àṣẹ àdàpamọ́ àti àṣẹ ìmúbọ̀sípò, kí ìyọ̀ǹda wà fún ti ara fáìlì nìkan. Ní ti pé kí fáìlì fúnra rẹ̀ di "àkójọ", tí a ti ń jà lé lórí bọ̀, mi ò tíì kúrò níbi tí mo wà. Àkójọ ju ẹyọ kan lọ. Fáìlì ni màá máa kọ.