Kọ̀ǹpútà wa kò rí hard disk mọ́ lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ ẹ̀rọ DVD inú rẹ̀

Ìbéèrè láti Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà nílé wa tí bàbá mi fi ń tẹ ìwé nígbà ayé wọn. Ẹ̀rọ DVD inú rẹ̀ ti kú, fídíò ìsìnkú ìyá àgbà wa sì wà lórí díìsìkì mẹ́ta tí a kò rí ibi wò. Mo ra ẹ̀rọ DVD tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, mo sì so ó mọ́ wáyà pẹlẹbẹ kan náà tí hard disk wà lórí rẹ̀, níbi tí èyí àtijọ́ wà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà, ohun tí ó ń kọ sójú ni pé òun kò rí hard disk. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìwé bàbá mi wà. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Èsì láti Ẹ̀pẹ́:
Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kì í pa hard disk. Wáyà pẹlẹbẹ náà, tí à ń pè ní IDE, lè gbé ẹ̀rọ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá, kí èkejì sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe ọ̀gá, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò tibẹ̀ jáde. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rọ DVD, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà pẹlẹbẹ, ẹ ó rí irin tínńtín mẹ́fà tí wọ́n kọ CS (kí wáyà fúnra rẹ̀ yàn), SL (ọmọ ẹ̀yìn) àti MA (ọ̀gá) sí. Ike kékeré kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ló bo méjì nínú wọn; òun là ń pè ní jumper. Ó ṣeé ṣe kí ó wà lórí MA. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde, kí ẹ sì tì í sórí SL.

Èsì láti Àgbádárìgì:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ tún yẹ wáyà náà wò: bí ó bá jẹ́ oní-fọ́nrán 80, ẹnu aláwọ̀ búlúù ló ń lọ sára motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀rọ so mọ́, dúdú tí ó wà lópin jẹ́ ti ọ̀gá, aláwọ̀ eérú tí ó wà láàárín sì jẹ́ ti ọmọ ẹ̀yìn. Ìlà pupa etí wáyà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ìhà ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Ẹ má fi agbára tì í, nítorí irin tó bá tẹ̀ ṣòro láti nà padà.

Láti Ìkòròdú:
Orí MA ló wà lóòótọ́! Mo ti gbé e sórí SL, kọ̀ǹpútà sì ti tàn, àwọn ìwé bàbá mi wà níbẹ̀ pátápátá. Díìsìkì méjì àkọ́kọ́ ń ṣeré dáadáa, mo sì gbọ́ ohùn àwọn àǹtí mi tí wọ́n ń kọrin. Ẹ̀kẹta ló ń dúró lójú kan. Ẹ ṣeun gidigidi.

Èsì láti Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kọ́kọ́ da àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ sórí flash lónìí. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo, kí ẹ tún gbìyànjú rẹ̀.