Ẹ gbà mí lọ́wọ́ “up” yìí o

Olùbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: “Are you up for Saturday?” Ohun tí mo mọ “Are you up?” sí ni “Ṣé o ti jí?” Mo bá fèsì pé rárá o, tó bá di Sátidé mo máa ń sùn di aago mẹ́wàá ni. Ó ní “No problem.” Àṣé iṣẹ́ àfikún ló fẹ́ fún mi! Ẹlòmíì ló ṣe é, òun náà ló gbowó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méjì péré! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni “up” yìí gan-an?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ tèmi burú ju tìẹ lọ. Onílé wa kọ̀wé pé “Your lease is up at the end of March.” Mo ní háà, ó tún ti fowó lé owó ilé nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹnì kan tó bá mi ka ìwé náà: àdéhùn wa ló ń parí, àfi ká kó ẹrù! Bó bá jẹ́ owó ilé ló fẹ́ wọ́n sí i, “Your rent is going up” ni ì bá kọ. Ẹ ti gbọ́ “is up” lẹ́yìn lease, contract tàbí time, ó tán nìyẹn.

Bọ̀dá Tíṣà: Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. Ẹ yéé gbọ́ “òkè” nínú ẹ̀ ṣáá. Lọ́pọ̀ ìgbà, “tán” ni. Use up, lò tán. Drink up, mu tán. Kò sì ṣàjèjì sí èdè tiwa náà. Ta ló lè ṣàlàyé fún òyìnbó ohun tí “jẹ” ń wá nínú “ó tàn mí jẹ”? Ọ̀rọ̀ méjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ kan, “mi” wá há sáàárín wọn. “Pick it up” náà nìyẹn. Ẹ má sọ “pick up it” láéláé. Odindi ni kí ẹ máa gbé e, ẹ má kọ́ “up” lóun nìkan.

“Make up” nìkan tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. They made up: wọ́n ti parí ìjà. He made it up: irọ́ ló pa. Make up your mind: pinnu. Bí ọ̀gá bá wá ní kí o make up the hours, wákàtí tí o pa jẹ ló fẹ́ kí o wá ṣe padà. Kò ní kí o lọ parọ́ wákàtí o!

“It's up to you,” ọwọ́ ẹ ló kù sí. “He's up to something,” ète kan wà lọ́kàn ẹ̀, kò sì jọ pé ire ni. Àmọ́ bí wọ́n bá bi yín pé “What are you up to?”, ẹ má bínú, wọ́n kàn ń béèrè ohun tí ẹ ń ṣe ni.

Ọmọ Iṣẹ́ Alẹ́: Ẹ fi ti Amẹ́ríkà kún un. “Write it up,” kọ ọ́ jáde dáadáa. “I'll write you up,” ẹ̀sùn ló fẹ́ kọ sínú fáìlì ẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi sọ ọ́ sí mi, mo dúpẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kọ̀wé yìn mí ni.

Ìyá Ìbejì: O dúpẹ́ kẹ̀! 😂

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá: “I'm up for Sunday.” Ó ní Sọ́ńdè ti kún, “Shall I put you down for Monday?” Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń bú mi ni?

Bọ̀dá Tíṣà: Orúkọ ẹ ló fẹ́ kọ sílẹ̀. Tètè dá a lóhùn kó tó fún ẹlòmíì.